Ẹsẹ̀ Ìjókòó Kọ́ Ló Ń Sáré

Ní agboolé Fákúnlé ní Ìlódè ní Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dá oníbàárà lóhùn bó bá ní bàtà há òun: "Awọ ni, yóò fà." Ẹni tí ìka ẹsẹ̀ ń ta bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i, yóò fà. Ẹni tó ń tiro jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò fà. Bàbá Adéagbo, olórí àwọn oníbàtà ilé náà, ló ń sọ ọ́ jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí bàbá náà bá ti kúrò nílé ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, tó yà sí kọ̀rọ̀ ilé àwọn Adébíyìí, yóò bọ́ bàtà ara rẹ̀ méjèèjì, yóò fi há abíyá, yóò sì fẹsẹ̀ lásán rìn délé. Ta ló tó bi í?

Mojíre ló tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tíì bi í nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Adéagbo ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn ará ilé rò pé yóò lọ wá nǹkan tà bí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí àpótí bàbá rẹ̀, ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó ń rán bàtà. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé obìnrin wo ló ń ṣe bàtà, yóò ní, "Èmi ni," yóò sì máa rán tirẹ̀ lọ. Ó lórí kunkun. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, orí kunkun yẹn náà ló ń bọ́ ọ.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì kéré lọ́jọ́ orí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwọn eléré ìje tirẹ̀ jọ. Ọmọ Ìlá kan wà tó ń kàwé ní yunifásítì, Ẹ̀bùnolúwa lorúkọ rẹ̀, ó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé àwọn Fákúnlé. Irinwó mítà ló ń sá, eré náà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bàtà ni ò jẹ́. Iwájú ẹsẹ̀ ọmọ náà fẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín. Bàtà òkìríkà tó ń fi sáré há níwájú, ó tú lẹ́yìn. Bó bá ti dé ibi tí pápá ti yí kọ́rọ́, ẹsẹ̀ á yọ̀ nínú bàtà, ọrùn ẹsẹ̀ á sì yẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú tó ń kọ́ wọn léré kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ó ti sọ ọ́ fún un pé bó bá tún yẹ̀ níbi ìdíje tí wọ́n fẹ́ fi yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀, kó gbàgbé eré sísá. Òun ò ní jókòó kí òun máa wo ọmọ ọlọ́mọ títí yóò fi di ẹni tó ń fọ̀pá rìn.

Mojíre bá Ẹ̀bùn lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná oníyọ̀, ó ń sunkún. Inú bí Mojíre, kì í ṣe sí ọmọ náà o, sí bàtà ni. Ó gbé òkìríkà náà, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó jù ú sílẹ̀. Ó ní òun yóò ṣe bàtà fún un, bàtà tí yóò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ìyá ṣe ń di ọmọ mú lọ́jà.

Ó mú un wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn. Nílé Fákúnlé, oníbàárà kì í dúró. Àga ni wọ́n ń fún un, oníbàtà yóò jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti wọ̀n ọ́n. Bàbá Adéagbo máa ń sọ pé ẹni tó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé itan wa, ọba ni. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n jákèjádò Ifẹ̀ nìyẹn, pé wọ́n mọ ọ̀wọ̀. Mojíre wọn ẹsẹ̀ Ẹ̀bùn lórí itan. Ó ra awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ ní Sábó fún òkè bàtà. Ó gé awọ màlúù tó le, ó fi ṣe bí ife sẹ́yìn láti gba gìgísẹ̀ mú. Ó fa okùn awọ láti abẹ́ wá sókè lápá méjèèjì, tó fi jẹ́ pé béèyàn bá ti so okùn bàtà, gbogbo àárín ẹsẹ̀ á dì pọ̀. Bàtà náà dùn ún wò. Ẹ̀bùn jókòó, ó wọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín.

Ó wọ̀ ọ́ lọ sí pápá, ó fi ẹkún bọ̀. Ẹ̀yìn bàtà dúró bí ògiri, àmọ́ iwájú rẹ̀ ń lọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Níbi tó ti ń sá fún ìrora yẹn, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọrùn ẹsẹ̀ tún yẹ̀. Mojíre la ẹnu, ó ní, "Awọ ni, yóò fà."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ojú tì í. Ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò fà? Àfi bí ẹni pé Bàbá Adéagbo ló yá ẹnu rẹ̀ lò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ̀bùn wẹ̀ tán, ó jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tútù lórí sìmẹ́ńtì. Ó dìde, ó wọlé lọ. Mojíre tó ń gbálẹ̀ rí ojú ẹsẹ̀ omi méjì tó fi sílẹ̀, ti ìjókòó àti ti ìdúró. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ìdúró fẹ̀ jù, ó sì gùn jù. Ẹsẹ̀ kan náà ni o! Ó pe ọmọ náà jáde, ó ní kó jókòó, ó ní kó dìde, ó da omi sí i lẹ́sẹ̀, ó tún ní kó fò. Ẹ̀bùn ń wò ó bíi pé ó fẹ́ ya wèrè. Béèyàn bá jókòó, ẹsẹ̀ á sinmi. Bó bá dìde, gbogbo ara á wọ inú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á sì tẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń sinmi sì ni ilé Fákúnlé ti ń rán bàtà fún látọdún mọ́dún. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo ayé títí ìka ẹsẹ̀ gbogbo ayé fi wọ́.

Mojíre ò fi bò. Ó mú Ẹ̀bùn wọ ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo wọn, ó tẹ́ pépà sílẹ̀, ó ní kó dúró lé e. Bàbá Adéagbo gbé orí sókè níbi tó ti ń lu awọ. Ó bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Mojíre sì ṣàlàyé, ó sọ ti ojú ẹsẹ̀ omi, ó sọ ti ìka tó ń há. Bàbá kò gbà, kò gbọ́. Ó ní oníbàárà lorí àwọn, ibi tí a bá sì pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀.

Mojíre ní, "Ẹsẹ̀ ni mo ń ṣe bàtà fún, Bàbá, kì í ṣe orí. Ẹsẹ̀ la sì fi ń tẹlẹ̀."

Bàbá rọra gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá máa ní kí oníbàárà dúró níwájú àga bàbá mi, kó lọ wá ibòmíràn ṣe bàtà. Kó má sì mú ẹsẹ̀ igi kankan níbí."

Ẹsẹ̀ igi yẹn ni wọ́n ń na awọ lé lórí kó tó di bàtà, oníbàtà tí ò ní i dà bí alásè tí ò ní ìkòkò. Bàbá rò pé Mojíre yóò kúnlẹ̀ bẹ òun. Mojíre palẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́, ó gbé àpótí bàbá rẹ̀ lé orí, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó kó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ilé. Ó dùn ún o. Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì gba ọ̀dọ̀ káfíńtà kan lọ ní Ìrẹmọ pé kó gbẹ́ ẹsẹ̀ igi tuntun fún òun, ẹsẹ̀ tó dúró, kì í ṣe èyí tó jókòó.

Bàtà kejì kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́. Iwájú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹ̀yìn rẹ̀ há bíi ti tẹ́lẹ̀, okùn awọ abẹ́ ṣì dì í mú lápá méjèèjì. Ẹ̀bùn dúró nínú rẹ̀, ó fò, ó yí bírí. Ó ní, "Àǹtí Mojíre, ó dà bíi pé mi ò wọ nǹkan kan, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ò lọ síbì kan." Mojíre ní kó lọ sọ ìyẹn fún ibi tí pápá ti yí kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ ìdíje, èrò kún pápá yunifásítì. Mojíre ò jókòó sáàárín èrò, ibi kejì tí pápá ti yí kọ́rọ́ ló lọ dúró sí. Bó ti bojú wẹ̀yìn, ta ló rí? Bàbá Adéagbo, lábẹ́ igi, ó fa fìlà bojú bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Wọn ò kí ara wọn.

Ìbọn dún. Ẹ̀bùn jáde. Mojíre ń wò ó lókèèrè bó ṣe yí ibi àkọ́kọ́, ara rẹ̀ dà sí òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ ilẹ̀, kò yọ̀. Ó ku ibi kejì, níbi tó ti rẹ gbogbo wọn, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń yẹ̀. Mojíre kọ̀, kò dijú. Ó rí gìgísẹ̀ ọmọ náà nínú ife awọ, ó rí okùn abẹ́ tó fà le koko tó sì dì í mú. Ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, ó dúró, ó tì í síwájú. Ọmọ Òṣogbo kan ló gba ipò kìíní, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀bùn gba ipò kejì, méjì ni wọ́n sì ń mú. Mojíre jókòó sórí koríko, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lábẹ́ igi mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Adéagbo ti ilé ìsìn bọ̀, bàtà wà ní abíyá rẹ̀. Kò ya inú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ló gbà lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ òsì sí Mojíre, ó ń retí pé kó gbé e lé itan. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́ gun èkejì, kókó líle wà lórí rẹ̀. Àánú ṣe Mojíre. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni, àwọn ìyàwó ilé tó ń fọṣọ nítòsí sì ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Ó rọrùn kó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, kí ìjà parí síbẹ̀.

Ó tẹ́ pépà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde dúró, Bàbá."

Bàbá wò ó. Ó wo pépà. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Mojíre, ó sì fi í dìde, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Mojíre kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ náà ká, ó rọra yà níbi ọmọ ìka tó wọ́ kó lè fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ohùn bàbá wá láti òkè, jẹ́jẹ́. "Mojíre, ṣé yóò fà?"

"Kò ní í fà, Bàbá. Kò ní í há yín débi tí a ó máa retí kó fà."