Àgbo Ìyá Bàbá Boaz

Àgbo náà kò ṣiṣẹ́. Mo ti ń wí i sínú láti Odo-Ape títí dé Kabba níbí, kò sì tíì rọ̀ mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó mu ún, àwọn tí kò mu ún — bákan náà ni ìrora ń mú wọn. Bàbá Boaz sì wà ní kíṣìnì ilé rẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bó ọsàn fún mi. Odidi olówó yìí! Èmi Zipporah ló ń bó ọsàn fún.

Owó rẹ̀ ló kọ́ yàrá ìwádìí wa. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà lára ògiri, àgbo ìyá rẹ̀ la sì ń dán wò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó sanwó ìwádìí... ṣé ó ti ra èsì mọ́ ọn ni? Kò bèèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ká ní aláṣejù ni, ǹ bá ti sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yìí, ìyẹn ló ń dà mí láàmú.

Mo lè ní ká tún un dán wò. Ọdún kan sí i, owó á máa wọlé, inú rẹ̀ á dùn... Ìyá Testimony, tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ìwádìí wa, wá ńkọ́? Ó ti pa oògùn ọsibítù ọmọ rẹ̀ tì. "Dókítà, àgbo Bàbá ti tó o." Ẹ̀rín ló ń rín. Rárá, mi ò lè dákẹ́.

Kí ni Bàbá Boaz tiẹ̀ wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá? "Okun o, ọmọ mi," ló fi kí mi. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Mo rò pé ó fẹ́ ká yin ìyá òun ni. Ṣùgbọ́n ó wo fọ́tò Ìníolúwa, ọmọ rẹ̀ tí àrùn yìí pa. "Màmá ní kí n gbé e wálé wá mu àgbo. Èmi ni mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráàyè. Kí n tó..." Kò parí ẹ̀.

Kò parí ẹ̀, ohun tó ń sọ ò sì yé èmi náà.

Ọlọ́run mi! Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló fi ń rò pé òun ló pa á. Bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ gbé e dé lọ́jọ́ náà gan-an, àgbo yẹn kò lè gbà á là. Màmá fi ìfẹ́ sè é, orúkọ rẹ̀ kò ní kúrò lára ògiri wa. Ṣùgbọ́n kò lè gbà á là...

Sálúbàtà rẹ̀ ń bọ̀. Ó ti gé orí gbogbo ọsàn náà sílẹ̀ fún mi. Bàbá, ẹ jókòó tì mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á.