Àpótí Tí Kò Ní Tìránsífọ́mà

Ẹ má bínú tí mo bá ń sáré sọ̀rọ̀. Inú mi ṣì ń dùn ṣìnkìn títí di ìsinsìnyí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe ínfátà náà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná oòrùn di irú èyí tó lè bá iná ìlú pọ̀. Kò ní tìránsífọ́mà, irin wúwo tí wọ́n ń wé wáyà yí ká, nínú rárá. Ìpele méje ni iná ń gùn nínú rẹ̀, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ó sì fúyẹ́ débi pé mo lè gbé e há abíyá.

Bàámi ńkọ́? Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń wé wáyà tìránsífọ́mà, wọ́n sì máa ń to páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí òrùlé pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí mi wò, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, inú ẹ̀ dà? Àbí o gbàgbé ẹ̀ sílé ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, obìnrin kan dé sí ṣọ́ọ̀bù wa láti ọ́fíìsì iná, ó gbé mítà dání. Tó bá fọwọ́ síwèé, wọ́n á so àpótí mi mọ́ iná ìlú. Tí kò bá fọwọ́ sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ká! Àpótí náà pa ara rẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ká!

"Iná ń jò lọ sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún yín o."

Àpótí mi kì í jo iná! Mo pa súìṣì, mo gun àkàbà dórí òrùlé, mo ń tọ wáyà láti páńẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì. Níbi èyí tó kẹ́yìn ni mo ti rí i: ẹnì kan ti fi wáyà tuntun so wáyà nẹ́gẹ́tíìfù páńẹ́ẹ̀lì náà mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó wé e nígbà mẹ́ta, ó lẹ téèpù dúdú lé e lórí. Mo mọ ọwọ́ tó so ó.

"Bàámi! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan páńẹ́ẹ̀lì mi?"

"Mi ò fi páńẹ́ẹ̀lì kankan sílẹ̀ láìso ó mọ́lẹ̀ rí," wọ́n dáhùn nísàlẹ̀. "Ṣé kí iná wá gbé ọmọ mi ni?"

Inú ń bí mi, àánú wọn sì tún ń ṣe mí. "Bàámi, tìránsífọ́mà ló máa ń pín oòrùn àti iná ìlú níyà. Tèmi ò ní. Tẹ́ ẹ bá so nẹ́gẹ́tíìfù mọ́lẹ̀, inú ilẹ̀ niná á máa gbà padà. Férémù, irin etí páńẹ́ẹ̀lì, ti ní wáyà ilẹ̀ tiẹ̀, ìyẹn ti tó."

Wọ́n mú píláyà, wọ́n gun òkè wá, wọn ò jẹ́ kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. "Èmi tí mo so ó ni màá tú u," ni wọ́n wí, wọ́n sì gé e.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tan súìṣì padà, mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kẹta. Kò pa ara rẹ̀! Obìnrin náà tẹjú mọ́ mítà fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ó mi orí pé ó dáa, ó fọwọ́ síwèé. Mo fò sókè, mo dì mọ́ ọn, jígí ojú rẹ̀ já bọ́.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Bàámi ti gbé àpótí ìjókòó síwájú ínfátà. Wọ́n ti ṣí ìwé òfìfo kan lé orókùn, wọ́n sì mú pẹ́ńsù lọ́wọ́.

"Tìṣà," wọ́n pè mí, "mo ti jókòó. Bẹ̀rẹ̀."