Ọ̀rọ̀ Tí Màdámù Gbé Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí Victoria Ṣàngóyẹmí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, gbogbo àdúgbò Ìsokùn ní Ọ̀yọ́ ló rò pé ìjọ Áńgílíkà ni yóò gba gbogbo àsìkò rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ti fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù àwọn ará Kòríà ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti Èkó wá lo ìsinmi Kérésì ló kó o ràn án. Ọmọ náà ki fíláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, ó ń wo tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Màdámù, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é, jókòó tì í kó lè bá a wí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó jókòó títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wọn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìbáwí náà. Nígbà tí ọmọ fẹ́ padà sí Èkó, ó wá fíláàṣì rẹ̀ títí. Ìyá rẹ̀ ní òun ò rí i.

Kí ni Màdámù rí níbẹ̀? Tí ẹ bá bi í, á ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń tẹrí ba fún àgbà, wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù wọ́n lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé ló ń mú kí Màdámù gbá tìmùtìmù mọ́ àyà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan bá dúró níwájú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìfẹ́ àwọn ará ibẹ̀ kì í yá. Ọkùnrin á wo obìnrin, obìnrin á wo ilẹ̀, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ibẹ̀ ni ti ọjọ́ náà á sì parí sí. Ó lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó di ara wọn lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dì í mú, Màdámù á dìde, á lọ mu omi tútù.

Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n jọ gbé, kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ rí pé òun fẹ́ràn ìyàwó òun. Ohun tó máa ń bi í nígbà tó bá ti ilé ìwé dé ni pé, "Ṣé o ti jẹun?" Màdámù ò ka ìbéèrè yẹn sí nǹkan kan, àfìgbà tó rí ọmọ Kòríà kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin nínú òtútù, láti ìlú kan sí ìkejì, tó kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, tó wá bi í pé ṣé o ti jẹun. Màdámù pa tẹlifíṣàn lọ́jọ́ náà. Ó jókòó pẹ́ nínú pálọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan náà wọ̀ ọ́ lára. Tí orúnkún bá dùn ún nígbà tó fẹ́ jókòó, kò ké "yéè" mọ́. "Àìgóò" ló ń ké, bí àwọn ìyá àgbà Kòríà.

Lọ́dún tó kọjá, èyí tó gbà á lọ́kàn jù ni fíìmù ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì tà, tí ọmọ alága ilé iṣẹ́ ńlá kan wá kó sínú ìfẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà fi ọdún bíi mélòó kan ju ọkùnrin lọ. Orúkọ wọn le lẹ́nu Màdámù, nítorí náà ó sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀: Sísí Oníbúrẹ́dì àti Ọmọ Alága. Ìyá ọkùnrin náà, tí ìlẹ̀kẹ̀ funfun kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ló pè ní Onílẹ̀kẹ̀. Kò sí ẹni tí Màdámù kórìíra láyé yìí tó Onílẹ̀kẹ̀. Tó bá ti yọjú, Màdámù á na ìka sí tẹlifíṣàn, á ní, "Obìnrin yìí, Ọlọ́run ń wò ọ́."

Àárín fíìmù yìí ló wà nígbà tí Ayọ̀mídé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, wálé láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ànúolúwa ni orúkọ rẹ̀, ó ń rán kọ́tìnnì nítòsí Sábó.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?" Màdámù bi í.

"Ó jù mí lọ díẹ̀, mà."

"Díẹ̀ yẹn tó mélòó?"

"Ọdún mẹ́rin, mà."

Màdámù ní kó má tún dárúkọ ọmọ náà nínú ilé òun mọ́. Ayọ̀mídé wo tẹlifíṣàn, níbi tí Ọmọ Alága dúró sí níwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tó ń wo ojú fèrèsé. Ó yíjú padà sí ìyá rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n, Mọ́mì, tàwọn eléyìí ńkọ́?"

"Tiwọn yàtọ̀," ni Màdámù wí. "Kòríà nìyẹn."

Ayọ̀mídé ò bá a jiyàn, kò sì fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Nígbà tí Màdámù gbọ́ pé wọ́n ṣì ń rìn pọ̀, ó pinnu láti lọ bá ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ kan, ó wọ Máíkírà ní gáréèjì Owódé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó síwájú, ó gbé àpò lé itan, ó sì ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Kò ní jà. Kò ní bú ẹnikẹ́ni. Á kàn sọ pé, "Ọmọ mi nìkan ni mo bí lọ́kùnrin. O jù ú lọ. Jọ̀wọ́, wá ẹgbẹ́ rẹ." Kó tó di pé wọ́n wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dán lẹ́nu rẹ̀.

Ọlọ́kadà tó gbé e ní Tákíẹ́ mọ ṣọ́ọ̀bù náà dáadáa. Pálọ̀ ilé kan ni wọ́n sọ di ibi iṣẹ́: ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ kún ilẹ̀. Ìyá kan tó wọ awò ojú jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ń fi ọwọ́ gán etí kọ́tìnnì. Àníkẹ́ ni, ìyá Ànúolúwa.

"Ẹ kú ilé o," Màdámù kí i.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wá jókòó sórí àga yẹn. Ànú lọ wọn fèrèsé ẹnì kan, kò ní pẹ́ dé." Ó bu omi fún un nínú ife, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Màdámù fẹ́ sọ pé òun ò wá jókòó, ló bá gbọ́ orin kan tó mọ̀. Ó yíjú. Lórí tẹlifíṣàn kékeré tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, Onílẹ̀kẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò dúdú kan níwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Apá tí Màdámù ò tíì rí ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tán, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó sì ti ní òun ò ní fi òmíràn ránṣẹ́ àfi tí fíláàṣì òun bá dé. Màdámù jókòó.

"Ẹ ò ní bínú," Àníkẹ́ wí, "mi ò mọ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ yẹn kà. Ànú ló máa ń kà á fún mi. Tí kò bá sí nílé, mo máa ń fojú inú wò ó. Obìnrin onílẹ̀kẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin yẹn ni. Ó wá ra búrẹ́dì."

Màdámù gbìyànjú láti mú un mọ́ra. Ó ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ pẹ́ jù láti lè mú un mọ́ra.

"Ìyá rẹ̀ ni," ó ní. "Kì í sì í ṣe búrẹ́dì ló wá rà."

Àníkẹ́ gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà ń wò ó?"

"Mo máa ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Màdámù ha ọ̀fun, ó gbé ohùn tó fi ń ka ìwé fún kíláàsì jáde. Onílẹ̀kẹ̀ ti jókòó, Sísí Oníbúrẹ́dì dúró níwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ra.

"Ó ní, 'Mi ò wá bá ọ jà.'"

"Hẹn-ẹn."

"Ó ní, 'Ọmọ mi nìkan ni mo bí lọ́kùnrin.'" Ohùn Màdámù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. "Ó ní... ó ní obìnrin yìí jù ú lọ."

"Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, mà, mi ò gbọ́."

"Ó ní o jù ú lọ. Ó ní kó wá ẹgbẹ́ rẹ̀."

Àníkẹ́ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ẹ wo obìnrin yìí. Ó gbéra nílé ara rẹ̀, ó wọ mọ́tò, nítorí kó lè wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sójú ọmọ ọlọ́mọ."

"Bóyá kò rò ó dáadáa," Màdámù wí.

"Ó rò ó. Ẹ ò rí bó ṣe dán lẹ́nu rẹ̀? Inú mọ́tò ló ti ń tò ó bọ̀."

Lórí tẹlifíṣàn, Onílẹ̀kẹ̀ gbé ife omi tó wà níwájú rẹ̀, ó sì dà á sójú Sísí Oníbúrẹ́dì.

"Àìgóò," ni ìyá méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Màdámù rọra ti ife omi tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì.

Nígbà tí ó parí, Àníkẹ́ pa tẹlifíṣàn. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà. "Ẹ ṣeun, Màmá Ayọ̀mídé," ó ní. "Ẹ kà á ju Ànú lọ."

Màdámù yíjú sí i. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ mí?"

"Ojú kan náà lẹ̀yin àti ọmọ yín ní. Bí ẹ ṣe ń wọlé ni mo ti mọ̀. Mo sì mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Kò burú. Èmi náà ti ń gbèrò àtiwá bá yín l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yìí ni ò jẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ wá sọ?"

"Pé kí ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó fi Ànú sílẹ̀."

Màdámù rò pé òun ṣì í gbọ́. "Kó fi ta sílẹ̀? Nítorí kí ni?"

"Ọmọdé ni. Tó bá wá síbí, á jẹun tán, á sùn sórí àga tẹ́ ẹ wà yẹn, á máa hanrun. Ọkùnrin tó ti gbọ́n ni mo fẹ́ fún Ànú."

Màdámù tó ti Ọ̀yọ́ wá láti tú wọn ká nà ró ṣánṣán. "Ẹ ní Ayọ̀mídé ò gbọ́n? Ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ló dúró ti gbogbo wa. Bàbá rẹ̀ náà máa ń hanrun. Kò ní kó má ṣe ènìyàn gidi."

"Mi ò ní kì í ṣe ènìyàn gidi. Mo ní Ànú jù ú lọ."

"Ọdún mẹ́rin péré. Kí ni ọdún mẹ́rin? Tí àwọn méjèèjì bá ti ń hewú, ta ló máa bi wọ́n pé èwo lẹ̀gbọ́n nínú wọn?"

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà tí Ànúolúwa fi dúró sẹ́nu ọ̀nà, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó mọ Màdámù láti inú fọ́tò tó wà lórí fóònù Ayọ̀mídé. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù ọjọ́ yìí, kò sì rò ó rí pé ohun tí òun máa bá lẹ́nu ìyá náà nìyí. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

Màdámù wò ó. Òógùn ti bò ó, òwú funfun kan lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. "Dìde," ó ní. "Ìwọ alára, kí lo rí lára ọmọ mi?"

Ànúolúwa dìde. "Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, mà, ó máa ń jẹ́ kí n..."

"Kó o kí ni?"

"Kí n sọ ọ́ tán, mà. Kì í já a gbà lẹ́nu mi."

Àníkẹ́ tẹ orí ba sórí kọ́tìnnì, èjìká rẹ̀ ń mì. Màdámù wo ìyá, ó wo ọmọ, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu òun náà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà tó, òun ti gbọ́.

Wọ́n jẹ iṣu àti ẹyin. Àníkẹ́ ṣì ní òun ò tíì gbà, òun máa wo ọmọkùnrin náà ná. Láti gáréèjì ni Màdámù ti pe Ayọ̀mídé. Ó ní kò gbọdọ̀ sùn nílé àwọn ènìyàn mọ́, kó jẹun níwọ̀nba, kó sì gbé Ìyá Ànú lọ síléèwòsàn lọ́jọ́ Sátidé nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ayọ̀mídé ní, "Mọ́mì, ibo lẹ wà?" Màdámù ti pa fóònù.

Láti ìgbà náà, Màdámù kì í sí nílé lọ́jọ́bọ̀. Ó ní òun ń lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ òun. Ẹni tó bá yà sí ilé náà ní Sábó á bá àwọn méjèèjì níwájú tẹlifíṣàn, Màdámù á máa kà, Àníkẹ́ á máa gán etí kọ́tìnnì, wọ́n á máa jiyàn lórí bóyá dókítà tó ń dúró de Sísí Oníbúrẹ́dì láìsọ nǹkan kan kọ́ ló yẹ kó fẹ́. Màdámù wà lẹ́yìn Ọmọ Alága. Àníkẹ́ ní dókítà ni, ó kéré tán dókítà náà kì í sùn sórí àga onílé.

Àmọ́ ẹsẹ̀ Àníkẹ́ fúyẹ́ lẹ́yìn tí Ayọ̀mídé gbé e lọ fún ìtọ́jú, ọmọkùnrin náà sì tún wá yí páànù ilé wọn tó ń jò padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Síbẹ̀ Àníkẹ́ ò tíì sọ pé òun gbà. Ànúolúwa bi ìyá rẹ̀ nínú kíṣíìnì lọ́jọ́ kan ohun tó tún kù.

"Mo ti gbà fún un tipẹ́," Àníkẹ́ wí ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, ìyá rẹ̀ á ní iṣẹ́ òun parí. Ta ló máa wá kà á fún mi?"

Ànúolúwa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màdámù nínú pálọ̀, níwájú ìyá rẹ̀ tó ń fọwọ́ bojú. Màdámù ní tíyẹn bá ni ìṣòro, òun á máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé náà. Ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dá, ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Ògbómọ̀ṣọ́.