Ipò Làmídì Lórí Kàlẹ́ńdà

Bàbá Làmídì kò bẹ̀rù ejò tó bó ṣe bẹ̀rù ìlà ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà. Ní agbo ilé wọn ní Ọlà, ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà tó ní fọ́tò gbogbo àgbà ilé. Mọ́gàjí, olórí ilé, ni tirẹ̀ máa ń tóbi jù lókè. Àwọn Alájì, olóyè àti dókítà á tẹ̀ lé e. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lásán láìsí oyè, ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, fọ́tò rẹ̀ kò sì ní ju ìdérí ìgò lọ.

Ọdún mẹ́ta rèé tí Bàbá Làmídì ti Àbíjàn dé, ìsàlẹ̀ yẹn náà ló wà, bí ẹni tó ń yọjú nínú kànga. Èyí tó dùn ún wọra ni pé Àlíù, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ títa páàtì mọ́tò lọ́hùn-ún, ti lọ Mẹ́kà. Àlíù wà lókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, Bàbá Làmídì rí ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn orúkọ lọ́yà kan lórí ìwé. Ó bá kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ fún kàlẹ́ńdà: Làmídì, Ẹsikúáyà.

"Kí nìyẹn?" Mọ́gàjí bi í nípàdé.

"Oyè òyìnbó ni, bàbá."

"Ta ló fi ọ́ jẹ ẹ́?"

"Wọn kì í fini jẹ ẹ́. Èèyàn kàn ń jẹ ẹ́ ni."

"Bíi ti ẹ̀pà," ni Ìyá Ayọ̀níkẹ́ wí níbi tó ti ń bó ẹ̀pà. Ilé wó fún ẹ̀rín.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mùtmàínà, ọmọ àbúrò Làmídì, tí bàbá rẹ̀ fi ìwé atúmọ̀ èdè ràgàjì kọ́ nílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà á bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Láyé àtijọ́, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá jagunjagun ọlọ́lá gbé asà ni. Nígbà tó yá, ó di ẹni tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ sí nínú lẹ́tà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi pe lọ́yà."

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ ti di lọ́yà ni?" Alájì Àlíù béèrè.

"Rárá."

"Ilẹ̀ rẹpẹtẹ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ilé yìí náà ni gbogbo wa jọ ń ro."

"Ó ku asà nìyẹn o!"

Mọ́gàjí gbọ́wọ́ sókè. "A ò ní asà. Ṣùgbọ́n agboòrùn mi wà ńbẹ̀. Làmídì, bóo bá fẹ́ oyè yìí, wá máa gbé e. Bó ò bá fẹ́, padà sísàlẹ̀."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Làmídì. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kó máa gbé agboòrùn?

"Bàbá, bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, ibo lẹni tó gbé e máa ń dúró?"

"Ẹ̀yìn mi ni."

"Nínú fọ́tò ńlá yẹn?"

"Ṣé mo ní òmíràn ni?"

"Wàlá!" Bàbá Làmídì fi Faransé Àbíjàn ké, ó fò dìde bí ọmọ ogún ọdún. "Agboòrùn dà?"

Nígbà tí kàlẹ́ńdà jáde, òjìji agboòrùn ti bo Mọ́gàjí lójú, irùngbọ̀n nìkan là ń rí. Bàbá Làmídì ló wà nínú oòrùn, gbogbo eyín rẹ̀ síta. Àlíù wò ó títí, ó wá sún mọ́ ọn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n bá yín dì í mú lápá kan?"