Píìnì Màmá Ìbẹ̀fún

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Superstitious?"

Hafeezah ló béèrè, ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó kúnlẹ̀ dáadáa kó tó béèrè, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó dá a lójú pé oríkì ni òun ń ki àgbàlagbà. Àgbàlagbà náà ni ìyá ọkọ Àǹtí Ayọ̀fẹ́, olùkọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ìyá yìí máa ń wọkọ̀ láti Ìbẹ̀fún wá sí ilé-ìwé náà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tòun ti kúlà ìkokorẹ́ lọ́wọ́, torí pé láti ìgbà tí Ayọ̀fẹ́ ti lóyún, kò sí oúnjẹ mìíràn tó ń dùn lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo pè mí?" Màmá béèrè.

"Màmá Superstitious, mà. Àǹtí ló kọ́ wa."

Ká ní ìyá mìíràn ni, ì bá rò pé orúkọ ìjọ kan ni, ì bá sì ṣàdúrà fún ọmọ náà kó máa lọ. Àmọ́ ọ̀gá àgbà ni Màmá Ìbẹ̀fún ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ẹni tó ń bẹ̀rù ohun tí kò sí, mà."

"Lò ó nínú gbólóhùn."

Hafeezah dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì kà á ní Gẹ̀ẹ́sì geere gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe kọ ọ́ sójú pátákó láàárọ̀: pé ìyá ọkọ òun jẹ́ superstitious, torí ó fi píìnì sí etí aṣọ òun kí àǹjọ̀nnú má baà wọ inú oyún òun lọ́sàn-án gangan. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

"O ṣeun, ọmọ mi. Orí rẹ pé," ni Màmá wí. Ó gbé kúlà rẹ̀, ó sì yà sí yàrá àwọn olùkọ́.

Ẹ má bi mí pé kí ló kó sí Ayọ̀fẹ́ lórí. Ìwé tí wọ́n ń lò ló fa gbogbo rẹ̀. Ìwé yẹn ní ẹni tó jẹ́ superstitious ni ẹni tí kì í gba abẹ́ àkàbà kọjá. Àwọn ọmọ ń wò ó bọ̀ọ̀. Ọ̀kan lára wọn tiẹ̀ nawọ́ sókè pé kunlékunlé ni bàbá òun, pé abẹ́ àkàbà ni òun ti máa ń jẹun. Ìgbà náà ni Ayọ̀fẹ́ fa etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi píìnì hàn wọ́n. Háà! Kíláàsì gba ẹ̀rín. Gbogbo wọn ló yé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ti ìyá tirẹ̀, àwọn kan ní òkúta ni ìyá tiwọn máa ń so mọ́ etí ìró. Bí iṣẹ́ bá ń dùn mọ́ olùkọ́ báyẹn, ẹnu rẹ̀ a máa sáré ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

"Màmá! Ẹ káàbọ̀ mà." Ayọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Ìgbà gbogbo ni Màmá máa ń sáré dì í mú pé, "Dìde jàre, oyún ò mọ ìkíni." Lọ́jọ́ yìí, ó wò ó títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi kanlẹ̀.

Ó gbé kúlà sórí tábìlì. Ó na ọwọ́ sí etí aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì tú píìnì náà jẹ́jẹ́.

"Jẹ́ kí n bá ọ gbé e kúrò. Ó ti di ẹ̀kọ́ ní kíláàsì, kò yẹ kó tún máa yọ ọ́ lẹ́nu."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, àpẹẹrẹ lásán ni…"

"Àpẹẹrẹ dára. Àpẹẹrẹ ni mo fi jẹun ní gbogbo ayé mi." Màmá fi píìnì sínú pọ́ọ̀sì, ó pa á dé pẹ̀ẹ́. "Àmọ́ tí o bá bímọ, kí o wá ẹni tí kì í ṣe superstitious kó wá bá ọ wẹ ọmọ. Ó dàbọ̀ o."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ yòókù tẹjú mọ́ ìwé bí ẹni tí ó ń ṣèdánwò.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ayọ̀fẹ́ wọnú egungun. Ìyá tirẹ̀ ti kú nígbà tí ó wà ní yunifásítì ní Ìjagun. Kò gbé ìkókó rí láyé rẹ̀ ju kí ó kan gbà á lọ́wọ́ ìyá ọmọ, kó sì yára dá a padà. Màmá Ìbẹ̀fún ló gbójú lé. Òun ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, bí wọ́n ṣe ń nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, òun ni yóò sì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pe Timothy, ọkọ rẹ̀, lórí fóònù, ó rojọ́ fún un.

Timothy kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "O fi ìyá mi ṣe àpẹẹrẹ? Ìyá tèmi? Ayọ̀fẹ́, mi ò sí níbẹ̀ o. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ bẹ̀ wọ́n, kó sì jẹ́ lónìí. Tí ìbínú wọn bá sùn mọ́jú, ó ti kọ́lé nìyẹn."

Nígbà tí ilé-ìwé parí, Ayọ̀fẹ́ gbé báàgì rẹ̀ láti lọ wọ ọkọ̀ Ìbẹ̀fún. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Oòrùn ń ràn bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ó fà á wọlé. Ó dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́: "Ayọ̀fẹ́, ìwọ tí o kàwé. Irin lásán ni píìnì." Ó tún gbé ẹsẹ̀ jáde. Ọmọ inú rẹ̀ ta pútú, ó sì tún sáré wọlé.

"Àǹtí, ṣé ẹ ń retí ẹnì kan ni?" Hafeezah ló tún dé.

"Mò ń sinmi ni."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń jáde, ẹ tún ń wọlé mà." Ọmọ náà wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ sí etí aṣọ olùkọ́ rẹ̀. "Àǹtí, píìnì yín dà?"

Ayọ̀fẹ́ fi ọwọ́ bo ibẹ̀. Hafeezah gbé ọwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n, ó yọ ọ̀kan nínú píìnì tí ó fi di híjáàbù rẹ̀, èyí tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ pupa lórí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi í há etí aṣọ olùkọ́ rẹ̀ fínnífínní.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o," Ayọ̀fẹ́ wí, ojú ń tì í.

"Háà, Àǹtí! Ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ayọ̀fẹ́ fẹ́ dá a lóhùn, ó rántí pé Ìbẹ̀fún jìnnà, ó bọ́ sínú oòrùn.

Ní Ìbẹ̀fún, ó bá Màmá níwájú ilé tó ń sẹ́ gààrí. Bí ìyá náà ṣe gbójú sókè ló pariwo: "Nínú oòrùn yìí! Pẹ̀lú oyún! Láìní píì…" Ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì tún kọjú sí asẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà."

Màmá ò fẹ́ wò ó, àmọ́ ojú ò ṣeé dì lókùn. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ pupa.

"Ta ló fi ìyẹn sí ọ láṣọ?"

"Hafeezah ni mà. Ọmọ tó kí yín."

"Ìwọ sì gbà fún un?"

"Mi ò lè jáde láìsí i, mà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń jó síwájú, mò ń jó sẹ́yìn."

Màmá gbìyànjú láti lejú. Ẹ̀rín ṣẹ́gun rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí asẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí gààrí dà sí ìró rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

"Jókòó," ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Jókòó síbi òjìji. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé píìnì ò lè lé àǹjọ̀nnú kankan? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ń yẹ̀ ọ́ wò, Timothy ń gbé ọ kiri. Èmi ńkọ́? Mo jókòó sí Ìbẹ̀fún, àyà mi ń já. Ibi tí ọwọ́ mi tó nìyẹn."

Ayọ̀fẹ́ fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà.

"Mo kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi darúgbó," Màmá ń bá a lọ. "Kò tíì sí ẹyọ ọmọ kan tó lò ó fún ara rẹ̀. Èmi, mò ń ṣọ́ra ni. Ìwọ, ò ń bẹ̀rù díẹ̀ ni. Ará ilé kejì ló máa ń jẹ́ superstitious. Ìyẹn ló dùn mí, pé o sọ mí di ará ilé kejì."

Ẹkún tí Ayọ̀fẹ́ ti ń gbé mì láti ọ̀sán wá bọ́. "Ẹ má bínú mà. Ẹ dákun. Mi ò ní ìyá mìíràn. Lọ́jọ́ Ajé, màá pa orúkọ yín rẹ́ lójú pátákó, orúkọ tèmi ni màá fi síbẹ̀. Màá sọ bí mo ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Màmá gbọn gààrí kúrò ní ìró rẹ̀.

"Má pa tèmi rẹ́. Jẹ́ kí àwa méjèèjì jọ wà níbẹ̀," ó wí. "Kí tìrẹ sáà ṣáájú."

Ó dìde, ó wọlé lọ. Ayọ̀fẹ́ rò pé omi ló lọ bù wá. Nígbà tí yóò fi jáde, báàgì aṣọ ńlá ló wà lọ́wọ́ kan, ike ìwẹ̀ ọmọ wà lọ́wọ́ kejì, ó sì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé yín ni. Ṣé n óò wá jókòó síbí títí wọn yóò fi pè mí pé o ti bí?"

Ayọ̀fẹ́ dìde pẹ̀lú ìdùnnú àti ìbẹ̀rù. "Ṣùgbọ́n mà, ọmọ ò tíì dé. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé wọn kì í gbé ike ìwẹ̀ ọmọ wọlé kí wọ́n tó bí i, pé kò dára."

Màmá Ìbẹ̀fún ti ilẹ̀kùn pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sáyà.

"Ìyẹn?" ó wí. "Superstition lásán nìyẹn."