Ìbéèrè Tí Gbogbo Mayfair Mọ Ìdáhùn Rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwùjọ, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò ní parọ́, orí mi ti wú díẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n máa dán an wò bóyá ó máa bàjẹ́, kí n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí olè má bàa wọlé. Ibi tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ mi ni ibi tí mo ti máa ń tẹ orúkọ mi, Adédàmọ́lá Ọ̀ṣúndáre, sínú ìkànnì àwọn ẹlòmíì, tí gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ á di àmì ìbéèrè. Mo máa ń bi wọ́n pé, ìkànnì tí kò lè kọ orúkọ èèyàn gidi, báwo ló ṣe fẹ́ dá olè mọ̀? Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí tirẹ̀ ò lè bàjẹ́ láé.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin wá bọ́ sílé, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò wa, Mayfair. Tèyí yàtọ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìkànnì bíi tèmi, Ẹgbẹ́ Àwọn Onílé tó ń fi yàrá háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn máa wá jókòó síwájú, àwọn á gbọ́ mi dáadáa, lẹ́yìn náà àwọn á pinnu bóyá káwọn kó ilé àwọn sórí ìkànnì tí mo ṣe fún àwọn tó ń wá yàrá háyà. Odidi ọdún kan ni mo fi ṣe é. Bàbá mi sì ti fún mi ní gbèdéke: bí àwọn onílé bá kọ̀ ọ́, kí n pa láptọ́ọ̀pù dé, kí n lọ gba iṣẹ́ akọ̀wé kan tí ààyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkè-Ogbó. Mo gbà, torí mo dá ara mi lójú. Iṣẹ́ akọ̀wé kì í ṣe iṣẹ́ burúkú o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n máa lu òǹtẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo máa ya wèrè.

Mo fi apá tuntun kan kún ọ̀rọ̀ mi nítorí àwọn onílé. Ẹ mọ ìbéèrè tí ìkànnì máa ń bi ẹni tó bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀: kí ni orúkọ àkọ́bí yín? Àwọn òyìnbó tó ṣẹ̀dá ìbéèrè yẹn rò pé àṣírí ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdáhùn yẹn la fi ń kí obìnrin láàárọ̀. Ta ló ń pe Màmá Ẹniolúwa ní Fọláyọ̀ Adéagbo? Ìwé báńkì nìkan. Mo fẹ́ fi ìbéèrè yìí sórí ìkànnì mi fún ìgbà díẹ̀, kí ẹnìkan já wọlé níṣojú gbogbo èèyàn, kí n wá fi ọ̀nà tó dára jù rọ́pò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹnu á ya àwọn onílé, wọ́n á sì gbà.

Màmá Ẹniolúwa ni onílé mi, àwọn náà sì ni igbá kejì alága ẹgbẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, mo sì là á yé wọn pé a máa gbìyànjú láti já wọlé níwájú àwùjọ. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n gba fóònù, wọ́n wọ jígí, wọ́n ka ìbéèrè náà, wọ́n wá kẹ̀yìn sí mi kí wọ́n tó tẹ ìdáhùn. Mo sọ fún wọn pé èmi gan-an ò lè rí ohun tí wọ́n tẹ̀, pé ìkànnì á lọ̀ ọ́ kúnná kó tó tọ́jú rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé wọ́n ń fi ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pa mọ́ fún mi.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Nígbà tí mo dé apá tuntun yìí, mo pe Sùmáyà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó sẹ́yìn, pé kó wá gbìyànjú. Mo bi àwùjọ pé kí ni orúkọ àkọ́bí Màmá wa yìí. Gbogbo gbọ̀ngàn fi ohùn kan dáhùn pé Ẹniolúwa. Alájì Abdulwaheed, tó ń ta àgbò ní Sábó, tó sì ní ilé méjì lẹ́yìn ọjà, fi kún un pé nọ́ọ̀sì ni, pé Àkúrẹ́ ló ń gbé. Mo ní, ẹ ò rí nǹkan, àṣírí dà? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sùmáyà tẹ Ẹniolúwa.

Ìkànnì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ìdáhùn náà kò tọ̀nà.

Mo ní kó yọ àmì ìsàlẹ̀. Kò tọ̀nà. Mo ní kó fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀. Kò tọ̀nà. Alájì ní kó tẹ Ẹni, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é nílé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìkànnì ti ilẹ̀kùn pátápátá, ó ní ká padà wá lẹ́yìn wákàtí kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Òógùn ti bo ẹ̀yìn mi.

Alàgbà Àlàní, alága ẹgbẹ́, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, dìde. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n pariwo lọ.

"Dàmọ́lá, a sọ òótọ́ fún ìkànnì rẹ, ó ní irọ́ ni. Tí Màmá bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù wọn lọ́la, ṣé ìta ilé ara wọn ni wọ́n máa sùn?"

Mo ti mọ ohun tó bàjẹ́, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n: àmì abẹ́ Ẹ yẹn ni. Ohun tí mo fi ń fi ìkànnì àwọn ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́ láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta ti wà nínú tèmi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ láptọ́ọ̀pù gbàgàgbàgà, bí ẹni pé ó jẹ mí níyà.

Màmá Ẹniolúwa gbé omi wá fún mi. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n kẹ̀yìn sí àwùjọ, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, kò bàjẹ́. Ẹniolúwa kọ́ ni àkọ́bí mi."

Wọ́n ní Iléṣà ni àwọn ń gbé nígbà yẹn. Ọkùnrin ni. Oṣù mẹ́rin péré ló lò láyé. Nígbà tí wọ́n máa fi kó wá sí Ifẹ̀, Ẹniolúwa ti wà lẹ́yìn wọn, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn sì fi ń pè wọ́n. Wọn ò sọ orúkọ tàkọ́kọ́ fún mi títí di òní, bí wọ́n tiẹ̀ ti gbà kí n kọ ìyókù.

"Ìkànnì rẹ bi mí, mo sì sọ òótọ́ fún un," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bi mí gbẹ̀yìn."

Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi sí ara mi. Alàgbà Àlàní béèrè bóyá mo ti rí àṣìṣe náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí n sọ: ìkànnì mi ò ṣàṣìṣe, gbogbo yín lẹ ṣàṣìṣe. Iṣẹ́ ọdún kan àti Òkè-Ogbó rọ̀ mọ́ gbólóhùn yẹn. Mo wo Màmá. Wọn ò wò mí. Omi ni wọ́n ń dà sínú ife.

"Mo ti rí i, sà. Ẹ̀bi tèmi ni. Ibì kan wà tí mi ò dán wò."

Alàgbà ní ẹgbẹ́ ò lè kó ilé sórí ohun tí ẹni tó ṣe é kò tíì dán wò tán, pé kí a sún un di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti ń ronú irú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ìjọba. Ni Màmá Ẹniolúwa bá ní àwọn ní ọ̀rọ̀ kan.

"Èmi máa gbé ilé mi síbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo ti rí i pé ó mọ ẹnu pa mọ́."

Gbogbo èèyàn rò pé ìkànnì ni wọ́n ń sọ. Sùmáyà gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, ó ní òótọ́ ni, òun gbìyànjú ẹ̀ẹ̀marùn-ún, òun ò ríbi wọlé. Alàgbà Àlàní wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Ọwọ́ pọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ yọ ìbéèrè náà kúrò, bí mo ṣe máa ń wàásù pé kó yẹ. Mo lọ sọ fún Màmá pé ìdáhùn wọn máa pa rẹ́, pé ìkànnì ò ní bi wọ́n mọ́. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní kí n fi tiwọn sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á sọ fún yín pé kò bójú mu. Mo fi í sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń rí i nínú àkọsílẹ̀ ìkànnì pé Màmá ti lọ dáhùn ìbéèrè náà, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbàgbé páswọ́ọ̀dù wọn rí.