Ẹyin Tó Ń Tutù ní Mamu

Abẹ́ tábìlì ni mo wà ní Abigi, mo ń fa wáyà, nígbà tí Ìyá Tíṣà pè mí láti Mamu pé ẹyin òun ti ń tutù.

“Asimawu, iná lọ láàárọ̀. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Gílóòbù yàrá tàn, àmọ́ kọ̀ǹpútà tí o tò fún mi dákẹ́ bí òkúta. Ẹ̀rọ ìsàba ò gbóná mọ́.”

“Láti ìgbà wo, mà?”

“Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lọ. Nígbà tí mo dé ni mo bá a báyìí. Mi ò mọ ìgbà tó ti ń tutù bọ̀.”

Mo gbé orí sókè, mo fi gbá tábìlì. Ìró orí mi ò tó ohun tí mo gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Tíṣà jẹ́, kí ẹ má baà rò pé torí adìẹ ọbẹ̀ ni mo ṣe ń sáré. Hannah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Ago-Iwoye ló ti fi èwe àti àgbà rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó kó lọ sí Mamu, ó ń sin adìẹ. Kì í ṣe adìẹ tí wọ́n ń kó wá nínú páálí o. Adìẹ tirẹ̀ ni, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú jáde. Ó wá adìẹ ìbílẹ̀ tí ìyẹ́ kì í hù sí lọ́rùn, ó jẹ́ kí àkùkọ ńláńlá gùn wọ́n, ó ṣa ọmọ, ó tún ṣa ọmọ-ọmọ, títí ó fi ní irú adìẹ kan tó tóbi, tí oòrùn kì í pa, tó sì ń yé bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Inú ọgbà rẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni lùkúlùkú dé. Àrùn adìẹ yẹn ò mọ tíṣà, kò mọ ẹni tó ń gbàdúrà. Kò ku àkùkọ, kò ku àgbébọ̀. Ẹyin tí ó ti kó sínú ẹ̀rọ kí àrùn tó wọlé ló ṣẹ́ kù. Bí ìwọ̀nyẹn bá kú, irú adìẹ náà ti tán láyé, kò sí ọjà tí a ti máa rí i rà.

Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún. Mi ò kọ́ ọ ní yunifásítì kankan, ẹni tó bá máa bínú kó tètè bẹ̀rẹ̀. Mo mú kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo so ó mọ́ àwọn gílóòbù tí ń mú ooru wá, mo so ó mọ́ fáànù, mo kọ ètò kan sínú rẹ̀ tí ń ka ọjọ́ orí ẹyin, tí ń bu ooru fún wọn bí ọjọ́ bá ṣe rí. Mo sì tún mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ tò, ìyẹn pátákó tí gbogbo ara kọ̀ǹpútà so mọ́. Mo pàṣẹ fún un pé ìgbàkígbà tí iná bá lọ tó sì dé, kó dìde fúnra rẹ̀. Mo mọ irú iná tí a ní. Kọ̀ǹpútà tó bá ń retí kí ènìyàn wá jí òun kì í ṣe ẹni tí a ń fi ẹyin tì ní Mamu.

Nítorí náà, ó yẹ kó ti dìde. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn.

“Ẹ tẹ bọ́tìnnì iwájú rẹ̀, mà.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó jí, ó kọ nǹkan funfun sójú dúdú, ó dúró.”

“Ẹ kà á fún mi.”

Ó kà á bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì nínú ìsìn, pẹ̀lú ìdúró níbi tó yẹ. Ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ ọjọ́ òní, òun ò mọ aago, ètò tí wọ́n ṣe fún òun ti parẹ́. Kí wọ́n tẹ F1 bí wọ́n bá fẹ́ kí òun máa lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tẹ Delete bí wọ́n bá fẹ́ tún òun tò.

“Mo tẹ F1,” ó ní. “Ó ní òun ò rí ohun tí òun máa fi dìde.”

“Ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́. Ẹ se omi, ẹ rọ ọ́ sínú ike, ẹ tò ó sáàárín ẹyin, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo gbogbo rẹ̀. Mo ń bọ̀.”

Ọkùnrin tó gbé iṣẹ́ fún mi ní Abigi bi mí bóyá mo ti parí. Mo ní bó bá ti rí wáyà nílẹ̀, kó mọ̀ pé mi ò tíì parí. Mo jáde sójú títì, mo bá Luqman tó ń fi Micra kó èrò, mo ní èmi nìkan ni kó gbé, kó má dúró de ẹlòmíràn.

“Abigi sí Mamu?” Luqman wò mí lókè wò mí nísàlẹ̀. “Ta ló kú?”

“Kò tíì sẹ́ni tó kú. Wa ọkọ̀.”

A ò tíì kúrò nílùú tí mo tún pe Ìyá Tíṣà. Omi ti wà nínú ike, búláńkẹ́ẹ̀tì ti wà lórí ẹyin. Mo ní kí ó pa kọ̀ǹpútà, kó tún un tàn, kó máa tẹ Delete léraléra bí ẹni tí òjò ká mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Ojú búlúù ti jáde.”

“Báyọ́ọ̀sì nìyẹn. Ibẹ̀ la ti ń kọ́ ọ bó ṣe máa jí. Ọdún wo ló kọ?”

“Ẹgbẹ̀wá lé mẹ́sàn-án. Oṣù kìíní, ọjọ́ kìíní.”

“Ó ti padà sọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ yí i sí ọjọ́ òní, mà. Ètò mi, ọjọ́ ló ń kà. Lójú rẹ̀ báyìí, wọn ò tíì yé ẹyin yẹn, kí ló máa dáná fún?”

Ó yí i. Mo ní kó lọ síbi tí wọ́n kọ SATA sí, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá háàdì-dísìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní IDE ló wà níwájú rẹ̀. Mo ní kó yí i sí AHCI, nítorí bí wọ́n ṣe tò ó nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ètò sínú háàdì-dísìkì nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kejì ló fi ń wò ó, kò ní dá a mọ̀.

“Mi ò rí AHCI.”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Mo ní mi ò rí i, Asimawu.”

“Ẹ lo ọfà tó kọjú sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀, mà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ìsàlẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ ìsàlẹ̀ ni?”

Ohùn kíláàsì ló fi dá mi lóhùn.

“Mo kọ́ ọmọ yín lọ́tùn-ún lósì ní ABD. Mi ò pariwo mọ́ èyí tó gọ̀ jù nínú wọn. Bí o bá tún lọgun sí mi létí, màá gbé fóònù yìí sínú ìkòkò omi, èmi pẹ̀lú ẹyin mi á jọ máa wo ara wa.”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Ta ló ń bínú? Mo ti rí AHCI. Kí ló kàn?”

Luqman ń rẹ́rìn-ín sínú kọ́là. Mo fi ìgúnpá mi kì í nílọ̀.

Háàdì-dísìkì ló yẹ kó kọ́kọ́ wò bó bá ti jí. A fi í síwájú. Ibi tí wọ́n ti ń bi í pé kí ló máa ṣe bí iná bá lọ tó dé, a ní kó dìde. Mo ní kó tẹ F10 kí gbogbo rẹ̀ lè dúró. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ fáànù láti inú fóònù, mo gbọ́ tí Ìyá Tíṣà mí kanlẹ̀.

“Gílóòbù ti pọ́n. Ó ti ń gbóná.”

“Alhamdulillah.”

“Àmín,” ó ní.

Luqman bi mí pé kí ló ń gbóná. Mo ṣàlàyé fún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú títì.

“Ẹ̀gbọ́n, adìẹ? Gbogbo eré yìí, adìẹ ni? Adìẹ ò ṣáà wọ́n lọ́jà.”

“Luqman, bí wọ́n bá sọ pé ìyá rẹ kú, ṣé kí n sọ fún ẹ pé obìnrin ò wọ́n ní Abigi?”

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá kòtò.

Fóònù tún dún. Nígbà tí mo rí orúkọ Ìyá Tíṣà, mo ti mọ̀.

“Àwọn oníná mú iná dé. Mo yí i kúrò lórí jẹnẹrétọ̀. Kọ̀ǹpútà kú, kò sì dìde. Nígbà tí mo tàn án, ohun tó kọ láàárọ̀ ló tún kọ. Ó tún ní ẹgbẹ̀wá lé mẹ́sàn-án.”

Pátákó tó bá ń gbàgbé gbogbo nǹkan bí iná bá ti já lẹ́ẹ̀kan, nǹkan kan ni kò sí lára rẹ̀.

“Ìyá Tíṣà, bátìrì róbótó kan wà lára pátákó yẹn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí bọ́tìnnì kóòtù. Òun ló ń bá a rántí nǹkan nígbà tí iná ò bá sí. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀.”

Kò lọ wò ó. Mo gbọ́ pé kò lọ.

“Tó funfun?” ó ní.

“Tó funfun.”

“Ó wà nínú òṣùwọ̀n ẹyin.”

Ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ti kíláàsì mọ́. Bátìrì òṣùwọ̀n rẹ̀ kú lánàá, ó sì máa ń wọn àwọn ẹyin náà kó lè mọ̀ bóyá omi inú wọn ń dínkù bó ṣe yẹ, kí ọmọ má baà mumi kú sínú èèpo. Ó ṣí kọ̀ǹpútà láti nu eruku rẹ̀, ó rí bátìrì kan náà níbẹ̀. Ó ní iná ni kọ̀ǹpútà yìí ń jẹ, ẹnu rẹ̀ wà lára iná tọ̀sán-tòru, kí ló ń fi bátìrì ọ̀ṣọ́ ṣe? Ó yọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó sì wọn ẹyin rẹ̀, ìwọ̀n wọn pé.

“Torí kí wọ́n má kú ni,” ó ní. “Asimawu, torí kí wọ́n má kú ni.”

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ ẹnu mi. Ọba ò lè pa á dé. Lọ́jọ́ náà mo wá ọ̀rọ̀ tì. Ṣé kí n bú u ni? Ìtọ́jú ló ń ṣe.

“Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú òṣùwọ̀n,” mo ní nígbẹ̀yìn. “Ẹ pa iná kọ̀ǹpútà ní ògiri. Ẹ tẹ bátìrì náà padà sí àyè rẹ̀, kí ojú tí wọ́n kọ̀wé sí wà lókè. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká tún un tò látìbẹ̀rẹ̀.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó dún pọ́. Mo tàn án. Ojú búlúù ti—”

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Inú igbó la wà, igi níwájú, igi lẹ́yìn. Mo gbé fóònù sókè, mo yọ ọ́ síta fèrèsé, mo tún un pè. Obìnrin inú fóònù ní ẹni tí mo ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo sọ fún obìnrin náà ohun tí kò yẹ kí Mùsùlùmí sọ. Luqman ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “A máa débẹ̀.” Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi padà, fóònù Ìyá Tíṣà dún títí, kò gbé e.

Báyìí ni mo ṣe dé Mamu láì mọ ohunkóhun.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tàn. Mo lọ bá a tààrà kí n tó kí ènìyàn. Ọjọ́ òní ló wà lójú rẹ̀. Gílóòbù pọ́n, fáànù ń fẹ́, tẹmómítà wà níbi tó yẹ kó wà. Mo wọ báyọ́ọ̀sì lọ́kàn mi, mo ń wá àṣìṣe tí mo lè tún ṣe, kò sí. Ó ti tò ó tán, òun nìkan, bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé sùkúdìráfà dání, mi ò rí ibi tí màá fi kàn.

Ìyá Tíṣà wà nílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàsíà omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan lé omi náà, ó ń wò ó. Àwọn àgbà tó ń sin adìẹ mọ̀ ọ́n: ẹyin tó bá ti fẹ́ pa, tí ọmọ inú rẹ̀ bá wà láàyè, á máa mì lójú omi láìsí afẹ́fẹ́. Bó bá kú, á kàn léfòó, á dákẹ́.

Ẹyin tó wà lójú omi dákẹ́. Ìyá Tíṣà dúró tì í pẹ́. Ó gbé e, ó fi gèlè nù ún, ó tẹ́ ẹ sínú kéréètì tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kéréètì náà ti ń kún. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kéréètì kejì wà nílẹ̀, òfìfo.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà,” ni ohun tó jáde lẹ́nu mi.

“Jókòó.”

“Ẹyin mélòó lẹ ti—”

“Má kà wọ́n.”

Mo jókòó. Ó gbé òmíràn lé e, ó dákẹ́. Ó gbé òmíràn, ó dákẹ́. Bí ó ṣe ń mú èyí tó kàn ni iná lọ. Yàrá ṣú, fáànù rọra dúró. Mo sáré jáde, mo fa jẹnẹrétọ̀, ó kọ̀, mo tún un fà, ó gbà. Nígbà tí mo wọlé, kọ̀ǹpútà ti ń dìde fúnra rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní ọjọ́, kò bi ẹnikẹ́ni ní aago. Gílóòbù tún pọ́n. Ìyá Tíṣà ò wo ibẹ̀ rárá.

“Wá wo èyí,” ó ní. “Ojú mi ò dá mi lójú mọ́.”

Mo kúnlẹ̀. Ẹyin náà wà lójú omi. Ó mì díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ yí padà lójú oorun.

“Ọwọ́ yín ló wà lára bàsíà,” mo ní.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Èmi náà sún sẹ́yìn. A dúró títí omi fi tòrò, tí mo fi ń rí gílóòbù pupa nínú rẹ̀. Ẹyin náà tún mì.

Ìyá Tíṣà gbé e, ó nù ún, ó tẹ́ ẹ sínú kéréètì ọwọ́ ọ̀tún, òun nìkan. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ sí èyí tó kàn.